Ẹyọ Kan Láàárín Mẹ́rìnlá

"Ta ló ṣí Rolle yìí?"

Ògúnṣọlá ló ń béèrè. Ó kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú bí ẹni tó gbé ẹyin dání. Bébà tí báńkì fi ń di owó onírin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu bébà náà ti ya, owó inú rẹ̀ kò sì pé mọ́.

"Mo ní ta ló ṣí i?"

Dúnní, ìyàwó rẹ̀, yọjú láti kíṣìnì. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń fi tówẹ̀lì nu ọwọ́. "Èwo nínú wọn, Bàbá Shalom? Rolle mẹ́jọ ló wà níbẹ̀."

"Èyí tí mo fi bírò pupa sàmì sí nídìí."

"Háà. Mi ò wo ìdí rẹ̀ o. Òun ni mo fi ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ìbí Shalom lọ́jọ́ Sunday. Ọmọ pé mẹ́rìnlá, mo sì ka ẹyọ mẹ́rìnlá fún un. Ẹ ti lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn. Ṣebí euro méjì méjì náà ni gbogbo wọn?"

Ògúnṣọlá da èyí tó kù sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ẹyẹ idì Jámánì, igi Faransé, ẹyẹ idì míì, ọba Spain. Ó yí gbogbo wọn tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé owó lè yí orí padà bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa.

Ní ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Billstedt nílùú Hamburg, ọmọ tó bá ṣọjọ́ìbí a máa di owó onírin tó bá iye ọdún rẹ̀ mu sínú áńkáṣíìfù funfun, a wọ sùtánà, a fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé iwájú pẹpẹ, a sì tú u sínú igbá ọrẹ lójú gbogbo ìjọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Òun gan-an ló kọ́ Dúnní pé kó máa mú nínú owó Rolle fún irú nǹkan báyìí, kó má baà máa wá ṣéńjì kiri.

"Owó kan wà nínú rẹ̀," ló wí níkẹyìn.

"Owó wo?"

"Èyí tí mò ń wá."

Tówẹ̀lì dúró lọ́wọ́ Dúnní. Kò béèrè èwo. Fún ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ rẹ̀ ti ń gba Rolle márùn-ún ní báńkì lọ́jọọjọ́ Friday, tí yóò gbé e wálé nínú báàgì ẹ̀yìn, tí yóò tú u sórí tábìlì, tí yóò wo ẹyọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n inú ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn, tí yóò sì kó èyí tí kò fi pamọ́ sílé lọ da sínú ẹ̀rọ báńkì míì lọ́jọ́ Monday. Emilia, ọmọbìnrin tó ń jókòó sí kántà, ti mọ̀ ọ́n débi pé yóò ti to Rolle sílẹ̀ kó tó wọlé.

"Ẹ rí i?" ni Dúnní wí. "Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

"Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ sì fi í pamọ́ fún mi?"

"Mo fi í pamọ́ fún gbogbo èèyàn. Àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo fi í sí, kí olè má baà dá a mọ̀."

"Ó dáa," ni Dúnní wí. "Olè ò dá a mọ̀. Èmi náà ò dá a mọ̀."

Owó Monaco ni. Ọdún 2007 ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orí obìnrin kan tó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí irun rẹ̀ ká sókè. Wọn kò ṣe púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ná irú rẹ̀. Ẹni tó ná èyí kò lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ra owó àtijọ́ sọ fún Ògúnṣọlá lórí fóònù pé òun á san ju ẹgbẹ̀rún méjì euro lọ fún un. Ògúnṣọlá dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Kò tíì ṣe tán láti tà á. Ẹnì kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.

Shalom jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé léjìká. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Die mit der Frau, Papa? Die war am schönsten." Ó ní èyí tó ní orí obìnrin lára ló rẹwà jù. "Die hab ich ganz oben hingelegt." Òun ló fi sórí gbogbo èyí tó kù nínú áńkáṣíìfù.

"Kí ló dé tí o fi fi í sórí?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò lóye ìbéèrè. Ó fi Yorùbá dáhùn, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ó bá fẹ́ kí bàbá òun gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé èyí tó dáa jù lọ là ń fún Ọlọ́run."

Lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ níbi ìkórè, nígbà tí ọmọ náà fẹ́ fi ọsàn tó ti jẹrà lọ́rẹ. Ó dìde nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún kọ́.

"Níbo ni owó ọrẹ ọjọ́ Sunday wà báyìí?"

"Bàbá Ajíhìnrere gbé e lọ sí Berlin lánàá," ni Dúnní wí. "Ẹ mọ̀ pé ìjọ tiwa ò ní àkáǹtì."

"Sọ́wọ́ ta?"

Dúnní wo ilẹ̀. "Ẹ mọ ẹni tó jẹ́ akápò."

Ó mọ̀ ọ́n. Òun àti Ọládipọ̀ jọ gbé ilé kan níbí ní Veddel nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọládipọ̀ gan-an ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ Rolle. Ará Jámánì arúgbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ló sọ fún Ọládipọ̀ pé láyé owó Mark, owó onírin Mark márùn-ún àtijọ́ ní fàdákà nínú. Bí èèyàn bá fi èékánná ta á, yóò dún bí agogo. Àwọn tó gbọ́n ń gba Rolle ní báńkì, wọ́n ń ṣa fàdákà kúrò, wọ́n ń dá ìyókù padà. Nígbà tí euro dé, fàdákà tán nínú owó tí èèyàn ń ná lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn ìlú kékeré bíi Monaco àti Vatican ń ṣe ẹyọ díẹ̀ tí àwọn akówójọ ń wá. Ọládipọ̀ bá a wá a fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ó sú u, ó kó lọ sí Berlin, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Schöneberg. Ògúnṣọlá kò dáwọ́ dúró.

Ọdún méje sẹ́yìn, níbi ìkórè ní Berlin, Ògúnṣọlá gbé ìwé tó ń to owó sí dání, ó ń fi owó Vatican kan han àwọn ará ìjọ. Ọládipọ̀ wà nídìí tábìlì oúnjẹ. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò. Owó Monaco tó ń wá yẹn, yóò kú kó tó rí i." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Dúnní náà rẹ́rìn-ín. Ògúnṣọlá rí i.

Láti ọjọ́ náà, kò kí Ọládipọ̀ mọ́. Bí Ọládipọ̀ bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé ìjọsìn, òun á gba ẹ̀yìn. Nígbà ìkórè ọdọọdún, búrẹ́dì ló máa ń gbé lọ sí Berlin nínú àpò kóòtù rẹ̀, nítorí Ìyá Leon, ìyàwó Ọládipọ̀, ló ń se oúnjẹ fún ìjọ. Nígbà tí Ìyá Leon kú ní oṣù kẹfà, gbogbo ìjọ Hamburg wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi ìsìnkú. Ògúnṣọlá ní òun ní iṣẹ́. Kò sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Dúnní mọ̀ pé kò sí.

Ìkórè ọdún yìí ku oṣù kan. Níbẹ̀ ló fẹ́ gbé owó náà lé àárín àwo oúnjẹ Ọládipọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n pè é," ni Dúnní wí. "Mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Á yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún yín."

"O ò gbọ́dọ̀ pè é."

"Bàbá Shalom, ọ̀la Wednesday ló ń lọ sí báńkì."

"Mo ní o ò gbọ́dọ̀ pè é! Kí n wá máa bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù? Kó ní kò rí nǹkan kan, kó sì máa fi mí rẹ́rìn-ín? Èmi ni mo máa lọ."

"Ibi tí ẹ ò lọ nígbà tí èèyàn kú," ni Dúnní wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ibẹ̀ lẹ fẹ́ lọ nítorí euro méjì."

Ó ti ń wọ bàtà.

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ sí Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ńlá ìlú, ó sì bá bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ. Láti Hamburg dé Berlin kò ráyè jókòó jẹ́ẹ́. Ó bọ́ kóòtù, ó tún gbé e wọ̀. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń mì débi pé obìnrin tó jókòó tì í gbé kọ́fí rẹ̀ kúrò lórí tábìlì kékeré. Nínú àpò rẹ̀ ni euro méjì kan wà, tuntun, tí yóò fi pààrọ̀ tirẹ̀. Ẹyọ kan fún ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ja Ọlọ́run lólè. Ó ń yí owó náà po láàárín ìka, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sọ nínú ara rẹ̀. *Ọládipọ̀, wo owó tí o ní màá kú kí n tó rí.* Rárá, ó gùn jù. *Ọládipọ̀, èmi oníwèé mẹ́fà, mo ti rí i.* Èyí dáa. Á sọ ọ́, á gbé owó náà síwájú imú rẹ̀, á sì jáde. Kò ní jókòó. Bí wọ́n bá fún un ní omi, kò ní mu ún. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin ló máa bá padà.

Ṣùgbọ́n bí Ọládipọ̀ bá ti di gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Bó bá ti rí i fúnra rẹ̀ ńkọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun náà mọ iṣẹ́ yìí?

Nígbà tó dé Berlin, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Nollendorfplatz ní Schöneberg. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Agogo kékeré dún lórí ilẹ̀kùn. Ṣòkòtò táwọn èèyàn fẹ́ kí wọ́n gé kúrú wà ní kíkọ́ títí dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú bébà nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo ọ̀kan.

"Ẹ káàsán o," ni Ògúnṣọlá wí.

Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì gbójú sókè. Ó yọ awò ojú. Ọládipọ̀ ti rù. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba ìka méjì kọjá.

"Ògúnṣọlá."

Ọ̀rọ̀ tí Ògúnṣọlá kó bọ̀ láti Hamburg dé eyín rẹ̀. Kó tó lanu, Ọládipọ̀ ti dìde, ó ti yí tábìlì ká, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Mo mọ̀ pé wàá wá. Mo sọ fún Leon kó tó padà sí München. Mo ní gbogbo wọn ti wá, ó ku ẹnì kan. Mo ní ẹni náà le lórí, ṣùgbọ́n yóò wá kí mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Láti ìgbà wo lo sì ti ń 'ẹ káàsán' mi, ìwọ tí a jọ ń jẹ ẹ̀bà nínú àwo kan ní Veddel?"

"Kú ìrójú," ni Ògúnṣọlá wí. "Ọlọ́run á... Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú."

"Àmín. Jókòó."

Ó jókòó. Ọládipọ̀ gbé omi wá, ó mu ún. Lórí tábìlì ìlọṣọ lẹ́yìn wọn ni àpò aṣọ funfun kan wà, tí wọ́n fi okùn so lẹ́nu. Ògúnṣọlá mọ àpò náà. Dúnní ló rán an.

"O dé lásìkò tí mo fẹ́ di owó ọrẹ," ni Ọládipọ̀ wí. Ó tú okùn náà, owó sì ya sórí aṣọ ìlọṣọ. "Ìyá Leon ló máa ń dì í. Èmi a kà, òun a dì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n báyìí. Mo ti fi bébà mẹ́rin ṣòfò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé wàá bá mi ṣe é? Ọwọ́ rẹ ló mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wá ṣe tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì. Ọládipọ̀ ń ṣa sẹ́ǹtì sínú agolo bọ́tìnnì, Ògúnṣọlá kó owó euro méjì síwájú ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ẹyẹ idì, háàpù Ireland, ẹyẹ idì, ọba Belgium. Ó di Rolle àkọ́kọ́, ó ká ẹnu bébà mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ èkejì.

"Ìwọ ò sọ̀rọ̀," ni Ọládipọ̀ wí.

"Mò ń kà á ni."

"Ó dáa. Ìyá Leon ò lè kà á kó má sọ̀rọ̀. Ó máa ń ṣì í. A jọ ń jà lórí ẹ̀ ní gbogbo Tuesday." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé ó ń bu oúnjẹ tìẹ sọ́tọ̀ nígbà ìkórè? Lọ́dọọdún. Ó ní ebi á pa ẹ́ láìpẹ́, inú rẹ á rọ̀. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì."

Ògúnṣọlá rántí búrẹ́dì gbígbẹ nínú àpò kóòtù. Ó na ọwọ́ mú ẹyọ tó kàn, ó yí i, obìnrin náà sì wà níbẹ̀, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, irun rẹ̀ ká sókè.

Ó pa ọwọ́ dé.

Ọládipọ̀ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé sẹ́ǹtì kan sún mọ́ ojú, ó ń gbìyànjú láti mọ̀ bóyá márùn-ún ni àbí méjì. Euro méjì tuntun wà nínú àpò Ògúnṣọlá. Ó rọrùn. Ọwọ́ kan wọ àpò, ọwọ́ kan jáde, á di Rolle náà tán, á sì bá bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọládipọ̀ á máa sọ fún gbogbo ayé pé Ògúnṣọlá wọ ọkọ̀ láti Hamburg wá kí òun ọ̀fọ̀, ó sì bá òun di owó ọrẹ.

Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè ṣe é. Ó lè bínú sí èèyàn fún ọdún méje, ó lè bínú fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣùgbọ́n kò tíì gba ọpẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ fún rí.

"Ọládipọ̀."

"Hẹn?"

"Kì í ṣe ọ̀fọ̀ ni mo wá kí." Ó gbé owó náà lé aṣọ ìlọṣọ, láàárín àwọn méjèèjì. "Èyí ni mo wá mú. Mo rí i nínú Rolle, ìyàwó mi ṣì í mú, ọmọ mi fi dúpẹ́. Òun ló gbé mi wá. Bí kì í bá ṣe òun, mi ò ní wá. Mo fẹ́ kí o mọ̀."

Ọládipọ̀ wọ awò ojú rẹ̀ padà. Kò fọwọ́ kan owó náà.

"Mo mọ̀," ló wí.

"O mọ kí ni?"

"Ìyàwó rẹ pè mí láàárọ̀, kí bọ́ọ̀sì rẹ tó gbéra. Ó ní, 'Ọkọ mi ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì di owó, ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo pè.' Láti aago mẹ́wàá ni mo ti jókòó ti àpò yẹn."

Ooru gun Ògúnṣọlá dé etí. "O mọ̀! O sì jẹ́ kí n jókòó síbí, o ń sunkún fún mi?"

"Ẹkún yẹn kì í ṣe irọ́." Ọládipọ̀ gbé agolo bọ́tìnnì sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé owó lo wá wá. Mo kàn fẹ́ kó dà bíi pé èmi lo wá wò. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Mo ní bí o bá mú un tí o sì lọ, o ṣáà jókòó."

Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọládipọ̀ dìde, ó wá a, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì. Gbogbo ìgbà yẹn ni Ògúnṣọlá fi wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi aṣọ bò. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lára aṣọ náà, òwú ṣì wà nínú wọn.

Ọládipọ̀ padà wá jókòó. "Ó rẹwà," ló wí, ó sì fi orí júwe owó náà. "O rí i. Mo sọ pé o ò ní rí i, o sì rí i. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn kò dáa. Ìyá Leon bá mi jà dé ilé. Fi euro méjì sípò rẹ̀, kí o mú un lọ."

Ohun tí Ògúnṣọlá ti ń dúró dè fún ọdún méje nìyẹn, pátápátá. Ó dúró kó dùn mọ́ ọn. Ó rántí Shalom lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ìwé, tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá.

"Ọmọ mi ló fi í lé orí gbogbo èyí tó kù," ló wí. "Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi." Ó fi ìka kan ti owó náà síwájú títí tó fi kan ọwọ́ Ọládipọ̀. "Má gbé e lọ sí báńkì. Ó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Ìwọ ni kí o bá ìjọ tà á."

"Èmi?"

"Ìwọ lo kàwé, o mọ ìṣirò."

Ọládipọ̀ wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn èjìká rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó dúró. "O ò ní gbàgbé láé," ló wí.

"Láé," ni Ògúnṣọlá wí.

Ó mú euro méjì tuntun jáde nínú àpò, ó fi sínú Rolle, ó ka ìyókù pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì ká ẹnu bébà mọ́lẹ̀. Aago ara ògiri ti ń lọ sí mẹ́ta. Bí yóò bá bá bọ́ọ̀sì, àsìkò ti tó láti dìde. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì fi kọ́ ẹ̀yìn àga.

"Kí ló ṣe Ìyá Leon gan-an?" ló béèrè. "Wọ́n ń sọ ọ́ ní Hamburg, mi ò dúró gbọ́."

Ọládipọ̀ dìde, ó lọ yí pátákó ẹnu ọ̀nà sí Geschlossen, pé ṣọ́ọ̀bù ti tì. Ó gbé àga kejì, èyí tó wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi aṣọ bò, ó sì gbé e sún mọ́ tábìlì.

"Ọjọ́ Friday kan ló bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ó ní èjìká ń dun òun."